Àga Akíntáyọ̀

Ọjọ́ tí Àrìnkẹ́ sọ orúkọ òkú sínú fìlà ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Àárò ẹnìkan ló ń sọ ọ́. Bí àárò ẹni tó wà ní Ìbàdàn bá ń sọ wá, a lè wọkọ̀ lọ kí i. Ẹni tó ti kúrò láyé ńkọ́, ọkọ̀ wo la fẹ́ wọ̀?

Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba yàrá kan sókè ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìsọlọ̀, níbi tí tírélà kì í ti í dá lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ronú áàpù tí aráàlú lè lò lórí fóònù, kí wọ́n sì ṣe é. Àǹtí Bíọ́dún ni olórí wọn. Rótìmí ló ń wá oníbàárà. Àrìnkẹ́ ló ń ya bí ojú áàpù yóò ṣe rí, Hàkímù tó dé kẹ́yìn ló sì ń kọ ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́. Ògiri yàrá náà kún fún ìwé pélébé aláwọ̀ oríṣiríṣi, èrò kọ̀ọ̀kan lórí ìwé kọ̀ọ̀kan.

Ìrònú níbẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Bí wọ́n bá ń ju èrò sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé "kò lè ṣeé ṣe." Nígbà mìíràn wọ́n á yí ìbéèrè dà: dípò kí wọ́n bèèrè bí àwọn ṣe lè mú òṣìṣẹ́ tètè délé, wọ́n á bèèrè bí àwọn ṣe lè mú un sùn sójú ọ̀nà. Ẹ̀rín á sọ, inú ẹ̀rín náà ni ọgbọ́n á ti yọjú. Ṣùgbọ́n eré tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti àga. Wọ́n á kọ irú ènìyàn tó wà láyé sínú ìwé, wọ́n á ká a, wọ́n á kó o sínú fìlà: ìyá arúgbó tí kò mọ̀wé, awakọ̀ tírélà, ìyàwó tuntun, ọlọ́dẹ ilé-iṣẹ́. Ẹni tó bá mú ìwé á jókòó sórí àga kan láàárín yàrá, á di ẹni náà, á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni náà ṣe ń sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù á máa bi í ní ohun tó ń dùn ún àti ohun tó ń wá tí kò rí. Ibẹ̀ ni èrò áàpù ti ń jáde.

Akíntáyọ̀ ló kọ́ wọn ní eré yìí, àga tirẹ̀ sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Òun ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Òun náà ni àfẹ́sọ́nà Àrìnkẹ́, àwọn ẹbí méjèèjì sì ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bí ó bá bá ènìyàn jà tán, búrẹ́dì ló máa ń jáde lọ rà. Á gbé e sórí tábìlì láìsọ̀rọ̀, á lọ jókòó. Wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìjà ló ń fi ebi pa á.

Lọ́jọ́ tó kú, òun àti Àrìnkẹ́ jà lórí èrò kan lára ògiri. Akíntáyọ̀ ní èrò òpònú ni. Inú bí Àrìnkẹ́, ó já ìwé náà kúrò lára ògiri, ó jù ú lù ú láyà. "Máa lọ!" ni ó wí. "Má sì padà wá!" Akíntáyọ̀ gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde. Kò padà wá lóòótọ́. Tírélà kan tí bíréèkì rẹ̀ já ló bá a pàdé nítòsí géètì.

Àrìnkẹ́ kò sọ ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn fún ẹnikẹ́ni, torí àwọn méjì péré ló wà ní yàrá nígbà náà. Ẹni kejì sì ti lọ.

Ẹ̀rọ ńlá wà nísàlẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilẹ̀ yàrá òkè á máa gbọ̀n, àga Akíntáyọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, á máa sún díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Bí Àrìnkẹ́ bá dé láàárọ̀, á bá a tó ti kọjú sí fèrèsé, bí ẹni tó ń wo géètì. Gbogbo wọn mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ń gbé e padà sí àyè rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ń sọ̀rọ̀.

Hàkímù ló mú ìwé náà nínú fìlà lọ́jọ́ tí mo ń sọ. Ó tú u, ó kà á sókè: "Akíntáyọ̀."

"Ta ló kọ ìyẹn?" Àǹtí Bíọ́dún bèèrè. Àrìnkẹ́ ń wo èékánná ọwọ́ rẹ̀.

"Jẹ́ kó mú òmíràn jọ̀ọ́," Rótìmí ní. "Irú eré wo nìyí?"

Ṣùgbọ́n Hàkímù ti jókòó. Hàkímù yìí kò rí Akíntáyọ̀ sójú rí. Ipò òkú náà ni wọ́n gbà á sí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó ń fi bírò lu orúnkún, ó wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdájọ́.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé ẹ ti jẹun?" ni ó wí. "Ọpọlọ tí ebi ń pa, èrò burúkú ló ń bí."

Orí Àrìnkẹ́ wú. Ọ̀rọ̀ Akíntáyọ̀ gan-an nìyẹn, bó ṣe máa ń sọ ọ́ láràárọ̀, àní ikọ́ tó ń wú ṣáájú rẹ̀ kò yẹ̀. Àǹtí Bíọ́dún fi ọwọ́ bo ẹnu. Rótìmí dìde, ó lọ dúró létí ilẹ̀kùn. Nísàlẹ̀, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, àga sì sún pẹ̀lú ẹni tó jókòó lé e lórí.

Àrìnkẹ́ lé Hàkímù bá lórí àtẹ̀gùn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Ta ló sọ ọ́ fún ẹ?"

"Ìwọ ni."

"Èmi kẹ̀?"

"Àrìnkẹ́, láti ìgbà tí mo ti débí, tí a bá jọ ń dúró de kẹ̀kẹ́, ta lò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀? Mo mọ bó ṣe ń wúkọ́. Mo mọ̀ pé kì í fi iyọ̀ sẹ́yin. Mo mọ bàtà tó wọ̀ lọ sílé yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀, ẹnu ẹ ni mo ti gbọ́ ọ." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èmi ò tiẹ̀ tíì sọ iye àbúrò tí mo ní fún ẹ."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ta Àrìnkẹ́ lólobó, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti di. Ohùn tó gbọ́ lórí àga nìkan ló ń dún nínú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, ó fa àga náà síwájú Hàkímù. "Ẹ̀ẹ̀kan péré," ni ó wí. Hàkímù wò ó. Ìfẹ́ ti kó sí ọmọkùnrin yìí lórí láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ bá a mú agbòjò lójò, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún ẹni tí èèyàn fẹ́ràn. Ó jókòó.

Àrìnkẹ́ jókòó kọjú sí i. "Akíntáyọ̀," ni ó pè. "Ṣé o ṣì ń bínú sí mi?"

Omijé ti ń dà lójú Àrìnkẹ́ kí Hàkímù tó lanu.

"Má bínú, Àrìnkẹ́. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ẹ kò dáa. Má sunkún mọ́, mo bẹ̀ ẹ́."

Alẹ́ ọjọ́ náà ni Àrìnkẹ́ sun oorun àsùngbàgbé, irú èyí tí kò tíì sùn láti ìgbà tí wọ́n ti sin Akíntáyọ̀.

Ó wá di bárakú. Nígbà tí òjò fi dá, tí ọyẹ́ dé, kò sí ọ̀sẹ̀ tí Hàkímù kì í di òkú. Bí inú Àrìnkẹ́ bá dùn, àga. Bí ìyá rẹ̀ bá bá a wí nílé, àga. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, wọ́n ń jiyàn, wọ́n sì ń ronú áàpù, torí èrò tí ó ń ti ẹnu "Akíntáyọ̀" jáde máa ń dára ju ti gbogbo wọn lọ. Lẹ́yìn náà Hàkímù á dìde, á padà di ara rẹ̀, á sì sin ín dé ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń gbérò. Lójú ọ̀nà yìí, ọwọ́ wọn á máa kan ara wọn. Àrìnkẹ́ kì í fa tirẹ̀ sẹ́yìn. Bó bá délé, á bi ara rẹ̀ léèrè pé, ta ni mo tiẹ̀ ń fẹ́? Ṣé ẹni tó ń bá mi rìn ni, àbí ẹni tó ń bá mi jókòó? Ẹ̀rù ìdáhùn máa ń bà á, á sì sùn.

Ìgbà tí ọyẹ́ ń lọ sílé ni àwọn kan tó ń fi owó ran ọ̀dọ́ oníṣẹ́ áàpù lọ́wọ́ ní kí ẹgbẹ́ wọn mú èrò kan ṣoṣo wá. Wọ́n jókòó, wọ́n ronú, wọ́n yí ìbéèrè dà sọ́tùn-ún sósì, kò sí èyí tó wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Ni Rótìmí bá pàtẹ́wọ́.

"Kí là ń wá kiri? Ó wà níwájú wa!" Ó nawọ́ sí àga. "Áàpù tí òkú á ti máa bá èèyàn sọ̀rọ̀. O máa sọ ìwà ẹni ẹ tó kú fún fóònù, fóònù á máa dá ẹ lóhùn bí i tiẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ilé wo ló wà l'Ékòó yìí tí kò lókùú?"

"Kò lè..." Àǹtí Bíọ́dún bẹ̀rẹ̀, ó sì rántí òfin, ó dákẹ́.

"Ó lè ṣeé ṣe dáadáa," Hàkímù ní. "Èmi ni mi ò ní ṣe é."

"Kí ló dé?" Àrìnkẹ́ ló bèèrè. Ohùn rẹ̀ yá jù. Gbogbo wọn yíjú wò ó, ojú sì tì í.

Hàkímù kò dáhùn títí wọ́n fi dé ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń gbérò. Ariwo tírélà pọ̀ níbẹ̀, ó ní láti gbé ohùn sókè, bẹ́ẹ̀ irú ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ yẹn, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́ níbòmíràn.

"Mo fẹ́ fẹ́ ẹ, Àrìnkẹ́. Mi ò ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n mi ò ní jókòó sórí àga yẹn mọ́, mi ò sì ní bá ẹ fi í sínú fóònù. Tí o bá máa fẹ́ mi, èmi Hàkímù ni kó o fẹ́. Tó bá jẹ́ òun lò ń fẹ́, sọ fún mi, kí n máa bá tèmi lọ."

Ayọ̀ sọ lọ́kàn Àrìnkẹ́ bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láàárín èrò. Ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọkàn rẹ̀ lọ.

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi í."

"Bi ta?"

Ẹyin lohùn, ó ti bọ́. Àrìnkẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ṣùgbọ́n Hàkímù ti gbọ́. Kẹ̀kẹ́ dúró. Hàkímù wọlé, kò sún sí i kí Àrìnkẹ́ lè ráyè jókòó bó ti máa ń ṣe. Kẹ̀kẹ́ sì lọ.

Láti ọjọ́ náà, ẹ kú iṣẹ́ àti ó dàárọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó kù láàárín wọn. Àrìnkẹ́ wá dà bí ẹni tó ń ṣàárẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí ẹnikẹ́ni, ó jókòó sórí àga náà fúnra rẹ̀, ó di ojú, ó ní kí Akíntáyọ̀ sọ̀rọ̀. Ó dúró. Ohùn kan dé lóòótọ́, ó ní, má sunkún mọ́, mo bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn Hàkímù ni. Ó gbìyànjú kí ó rántí ohùn kejì, ohùn ẹni tó ti bá a rìn fún ọjọ́ pípẹ́, ẹni tó ti mú un mọ àwọn òbí rẹ̀. Kò rí i mọ́. Ẹ̀rù bà á tó bẹ́ẹ̀ tó fi fò dìde. Ibi tó dúró sí ni ó ti mọ̀ pé ohùn tó kù yìí ni òun ń fẹ́, ẹni tó ni ín ni àárò rẹ̀ sì ń sọ òun báyìí, bẹ́ẹ̀ ẹni náà wà láàyè, ó lọ jẹ ìrẹsì nísàlẹ̀.

Ó bẹ Àǹtí Bíọ́dún kí ó ṣe alárinà. Àǹtí Bíọ́dún, tí kò ṣe alárinà rí, ra èso, ó wọ aṣọ àlejò, ó bá Hàkímù sọ̀rọ̀, ó sì tẹ̀ lé e lọ bá ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀ aṣọ tó ń tà ní Òṣòdì. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni ìyá yìí, Ìsíátù ni orúkọ rẹ̀, kì í fi ọ̀rọ̀ sínú. Ó gba èso, ó dúpẹ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹrù tí èèyàn kò tíì rà.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan tó burú, Àǹtí," ni ó wí. "Ọmọ dáadáa ni, mo ti rí i. Àmọ́ mo gbọ́ pé ọmọ mi máa ń di òkú nítorí ẹ̀."

"Eré iṣẹ́ ni, ma. Bí a ṣe ń wá èrò nìyẹn."

"Èmi bí ọmọ sáyé láàyè. Mi ò bí i kó máa jókòó sípò òkú. Wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lórí ọmọbìnrin yẹn, àbí wọn ò ṣe é?"

"Wọ́n ṣe é, ma."

"Ta ló wá tú u sílẹ̀?"

Àǹtí Bíọ́dún tẹjú mọ́ èso tó rà. 

"Ẹ ò rí i? Mi ò ní tẹ́ ọmọ mi sórí ẹní tí ẹlòmíì ṣì sùn lé. Ẹ lọ bá ìyá tó ni òkú. Ẹnu tó pè é níyàwó ni kó tú u sílẹ̀. Bí kò bá tú u, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ níkáà."

Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Àrìnkẹ́ kò tíì tún dé Ire-Akari, ilé Màmá Akíntáyọ̀, láti ìgbà ìsìnkú. Màmá ń pè é lórí fóònù, á ní "Ìyàwó mi, ṣé àlàáfíà ni?" Àrìnkẹ́ á ní àlàáfíà ni, á wá àwáwí, á pa fóònù. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ wo ojú ìyá tí òun lé ọmọ rẹ̀ síta lọ sẹ́nu tírélà? Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó rí i pé bí òun kò bá lọ, Hàkímù náà á lọ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ: òun, Hàkímù àti Àǹtí Bíọ́dún. Màmá Akíntáyọ̀ wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tí kò tíì bọ́. Ó dì mọ́ Àrìnkẹ́ pẹ́, ó gbé omi fún wọn, ó jókòó. Àǹtí Bíọ́dún kúnlẹ̀, ó ro ẹjọ́ látòkèdélẹ̀, ó ro ti àga mọ́ ọn. Bí ó ti parí, Màmá kọjú sí Hàkímù.

"Ìwọ ni wọ́n ní o máa ń di ọmọ mi?"

Hàkímù dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ma. Mo ti fi í sílẹ̀."

"Àwọn yìí ti gbọ́ ọ. Èmi tí mo bí i ò gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan, ọmọ mi. Fún èmi náà."

Hàkímù wo Àrìnkẹ́. Àrìnkẹ́ kò lè gbé ojú sókè. Hàkímù jókòó padà, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Màmá di ọwọ́ àga tó jókòó sí mú.

"Màmá," Hàkímù ní, "ẹ má bínú. Ẹ má bínú pé mo lọ láì dágbére. Mo bẹ̀ yín."

Wọ́n rò pé igbe ló máa tẹ̀ lé e. Màmá tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìyókù, lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó mi orí.

"Kì í ṣe òun," ni ó wí. "Ikọ́ yẹn, òun ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo bí ò sọ 'ẹ má bínú' rí láyé ẹ̀. Mo nà án títí ní kékeré kó sọ ọ́, kò sọ ọ́. Bàbá ẹ̀ nà án, kò sọ ọ́. Ìwọ Àrìnkẹ́, tí o fẹ́ ẹ, ṣé ó sọ ọ́ fún ẹ rí?"

Àrìnkẹ́ ronú. Ó ronú títí, ó wá gbogbo ìgbà tí wọ́n jọ lò. "Rárá, ma," ni ó wí. Ó yíjú sí Hàkímù díẹ̀díẹ̀. "Lọ́jọ́sí, ta ló bẹ̀ mí?"

"Èmi ni," Hàkímù ní. "O ń sunkún. Mi ò mọ ohun tí òun ìbá sọ. Mo bá sọ tèmi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àrìnkẹ́ lára ṣinṣin. Ìdáríjì tó ti ń jẹ, tó ti ń mu, tó fi ń sùn, kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀. Ó wó lulẹ̀ síwájú ìyá náà.

"A jẹ́ pé kò dárí jì mí. Màmá, èmi ni mo lé e jáde! A jà, mo ní kó máa lọ, mo ní kó má padà wá. Ó gbé báàgì ẹ̀, ó lọ. Ó bínú kúrò lọ́dọ̀ mi, kò sì padà wá mọ́!"

Àǹtí Bíọ́dún fi ọwọ́ lérí. Hàkímù dìde, ó tún jókòó. Màmá ń wo orí Àrìnkẹ́ tó wà lórí orúnkún rẹ̀ bí ẹni tó rí ohun tó ti ń wá tipẹ́ níbi tí kò fojú sí.

"Ìwọ ni," ni ó wí jẹ́ẹ́. "Ìwọ ló lọ rà á fún."

"Kí ni, ma?"

"Ọmọ mi ò mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. Tó bá ṣẹ èèyàn, tó bá mọ̀ pé òun ló jẹ̀bi, búrẹ́dì ló máa ń lọ rà. Láti kékeré ni. Á gbé e síwájú mi, kò ní wò mí lójú. Tí mo bá ti bu búrẹ́dì yẹn jẹ, ìjà ti parí nìyẹn." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí gèlè. "Nígbà tí wọ́n kó ẹrù ẹ̀ wá fún mi, wọ́n kó báàgì, wọ́n kó bàtà ẹsẹ̀ kan, wọ́n kó búrẹ́dì. Wọ́n ní kò jábọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé, ta lọmọ mi fẹ́ lọ bẹ̀? Ta ló ń dúró dè é tí kò rí i? Àrìnkẹ́, kò lọ o. Ó ti rà á tán. Ó ń padà bọ̀."

Ẹkún tí Àrìnkẹ́ sun lọ́jọ́ náà, ó yàtọ̀ sí gbogbo èyí tó ti ń sun tẹ́lẹ̀. Ó sun ún fún Akíntáyọ̀ tó mọ̀, alágídí ẹnu mímú tí kò lè sọ má bínú, tí òun Àrìnkẹ́ náà kò sì ní ọgbọ́n láti mọ ẹ̀bẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e síwájú rẹ̀. Màmá sun ún pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó yá, Màmá mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi lé Àǹtí Bíọ́dún lọ́wọ́.

"Mo tú ọ sílẹ̀. Ọmọ mi ni ọ́, ìwọ kì í ṣe ìyàwó mi mọ́. Èyí tí ẹ ń pè ní Akíntáyọ̀ lórí àga, kì í ṣe Akíntáyọ̀, ọkọ ẹ ni. Máa mú un lọ. Kí ẹ fi tèmi sílẹ̀ fún mi. Ẹ bá mi gbé àga yẹn wá pẹ̀lú."

Wọ́n gbé e lọ. Wọ́n gbé e sórí táìlì pálọ̀ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ọmọ náà. Àrìnkẹ́ dúró tì í, ó ń wò ó, ó ń retí kí ó sún. Ilé náà dákẹ́, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbọ̀n. Àga kò sún. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó kí i pé ó dàárọ̀, ó jáde.

Ìyá Hàkímù gbọ́, kò tún sọ ohun méjì. Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ni wọ́n mú ọjọ́ níkáà sí.

Èrò tí wọ́n mú lọ bá àwọn tó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, Àrìnkẹ́ ló kọ ọ́ mọ́ ògiri, kò sì sẹ́ni tó fi fìlà wá a. Áàpù kékeré kan ni, fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àárọ̀ àti alẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ní. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, fóònù ẹni tó ń dúró dè é nílé á sọ fún un pé: Mò ń padà bọ̀. Rótìmí ní ó ti kéré jù. Àwọn yòókù fara mọ́ ọn, torí wọ́n mọ ibi tó ti wá.

Orí bọ́tìnnì yìí náà ni Àrìnkẹ́ àti Hàkímù ti jà nígbà tí ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀. Àrìnkẹ́ fẹ́ kí ó tóbi, Hàkímù ní bó bá tóbi jù, àpò lásán á máa tẹ̀ ẹ́. Àrìnkẹ́ ní kí ni ọkùnrin mọ̀ nípa ẹwà? Ọ̀rọ̀ wá le ju bọ́tìnnì lọ. "Ó dáa, má bínú," Hàkímù ní, bí ó ti máa ń tètè sọ ọ́. Àrìnkẹ́ mọ̀ pé òun ló jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kọ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Gbogbo wọn wo àárín yàrá, bí wọ́n ti máa ń wò ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Nígbà tí Àrìnkẹ́ ń padà bọ̀, ó dúró nítòsí géètì, níbi tí kì í dúró sí. Tírélà kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Búrẹ́dì inú ọ̀rá ṣì gbóná mọ́ ọn láyà. Ó gbójú sókè. Hàkímù wà lójú fèrèsé, ó yọjú síta, ó ń wo géètì, kò mira.

Àrìnkẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún wo ọ̀tún, ó sọdá. Ó gun àtẹ̀gùn. Ó gbé búrẹ́dì sórí tábìlì láìsọ̀rọ̀, ó lọ jókòó, kò wo ẹnikẹ́ni lójú.

Hàkímù kúrò lójú fèrèsé. Ó bu búrẹ́dì náà, ó jẹ ẹ́.

"O padà dé," ni ó wí.

"Mo padà dé."